Ẹ̀bẹ̀ tí Bàbá Kọ Ránṣẹ́ sí Suwanee

Lithonia, Georgia
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹwàá, 2024

Bàbá mi àtàtà,

Mo kí yín, mo kí Màmá. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú àìgbúròó wa. Ṣé orúnkún yín ti ń gbà láti rìn dé ṣọ́ọ̀ṣì láìjókòó sójú ọ̀nà? Faith ìyàwó mi kí yín. Ó ní kí n bẹ Màmá pé bí wọ́n bá ń ya fọ́tò lẹ́tà yín ránṣẹ́ sí wa lórí fóònù, kí wọ́n má fi àtàǹpàkò bo ìsàlẹ̀ ìwé náà mọ́, nítorí ibẹ̀ lẹ máa ń kọ ọ̀rọ̀ pàtàkì sí.

Ẹ béèrè iṣẹ́. Iṣẹ́ ti wọ ìsinmi. Ẹgbẹ́ bésíbọ́ọ̀lù wa ní Suwanee, Herons, ti gbá bọ́ọ̀lù ìkẹyìn ọdún yìí, a sì gba ipò kejì láti ìsàlẹ̀. Kò sí ìdíje mọ́ títí di oṣù Kẹrin. Àsìkò yìí ni àwọn ọ̀gá máa ń jókòó pinnu ẹni tí yóò wà nínú ẹgbẹ́ lọ́dún tó ń bọ̀, ẹni tí wọn yóò tà, àti ẹni tí wọn yóò ní kó máa lọ sílé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kan èmi tí mò ń fọwọ́ ra ẹsẹ̀ àti èjìká fún wọn, nítorí ọdọọdún ni wọ́n ń tún ìwé àdéhùn iṣẹ́ mi kọ.

Ti ọdún yìí ló wá le. Àwọn aláṣẹ líìgì yẹ ìtọ̀ àwọn agbábọ́ọ̀lù wò, wọ́n sì bá oògùn agbára lára mẹ́ta nínú tiwa, irú abẹ́rẹ́ tó ń mú kí iṣan wú kíákíá. Èèwọ̀ ni nínú líìgì. Gabriel, ẹni tó mọ igi í fi gbá bọ́ọ̀lù jù nínú wọn, wà lára mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọ́n ti ń pe gbogbo àwa tí a ń wọ yàrá ìtọ́jú lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n fẹ́ mọ ẹni tó mú oògùn náà wọlé. Mo sọ fún wọn pé èmi kò fún ẹnikẹ́ni lóògùn rí.

Ẹ má jẹ́ kí àyà yín já. Ms. Joanna tó ni ẹgbẹ́ náà kì í ṣe oníwàǹwára. Ẹ ṣáà fi mí sínú àdúrà.

Ọmọ yín,
Olúwaṣèyítán


Ìkirè
Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù Kẹwàá, 2024

Ọmọ mi Olúwaṣèyítán,

A dúpẹ́, ẹnu ń jẹ. Orúnkún mi ń ṣe tinú rẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú ó gbé mi dé ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì kọ̀ láti gbé mi padà. Ìyá rẹ ní àtàǹpàkò ni òun fi ń di fóònù mú. Bí o bá mọ nǹkan mìíràn tí ènìyàn lè fi dì í mú, kí o fi ránṣẹ́.

Mo ka lẹ́tà rẹ lẹ́ẹ̀mẹta. O mọ̀ pé ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi jẹ́ tíṣà eré ìdárayá. Mo gba fóònù lọ́wọ́ ìyá rẹ, mo wo bésíbọ́ọ̀lù tí ẹ ń pariwo rẹ̀ yìí. Ráńdàsì ni. Àwọn ọmọbìnrin kíláàsì kejì máa ń gbá a lẹ́yìn ilé ìdáná ilé ìwé wa, wọn kì í sì gba abẹ́rẹ́ kí wọ́n tó gbá a. Mo tún wo ẹyẹ tó wà láyà aṣọ ẹgbẹ́ yín. Lékèélékèé ni, kí ẹ máa pè é lórúkọ rẹ̀.

Nítorí náà mo lẹ́nu nínú ìpinnu tí ẹ fẹ́ ṣe. Ọkùnrin sísanra tó máa ń lóṣòó sẹ́yìn tí gbogbo bọ́ọ̀lù ń wá bá, èmi ń pè é ní Baálẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ó lọ. Ẹni tó lóṣòó tó bẹ́ẹ̀ láti ọ̀sán títí di ìrọ̀lẹ́ tí kò ráhùn, sùúrù rẹ̀ pọ̀. Èyí tó ń fi ọwọ́ òsì ju bọ́ọ̀lù, kí ó máa jẹ ẹ̀wà. Ní ti Gabriel, ẹ má tà á. Kí ó gé koríko pápá fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ó sì padà sáàárín ẹgbẹ́ rẹ̀.

Wàyí o, ó ku tìrẹ. O ní wọ́n pè ọ́, o sì dáhùn. Ṣé o dọ̀bálẹ̀? Àbí orí àga lo jókòó sí tí ìwọ àti ọ̀gá rẹ ń wo ojú ara yín? Ṣèyítán, ọ̀gá tí inú ń bí kì í gbọ́ àlàyé, ẹ̀bẹ̀ ló ń gbọ́. Bí o ṣẹ̀, bí o kò ṣẹ̀, kọ́kọ́ lọ bẹ̀ ẹ́ ná. Àwọn àgbà ní ẹ̀bẹ̀ là ń bẹ òṣìkà kó lè tún ìlú ṣe. N kò pe obìnrin náà ní òṣìkà o, má lọ sọ fún un.

Èmi bàbá rẹ,
L. Akíntóyè


Lithonia
Ọjọ́ kẹta, oṣù Kọkànlá, 2024

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé. Mo rí lẹ́tà yín gbà, mo sì rí àtàǹpàkò Màmá níbi tí ó yẹ kí orúkọ yín wà.

Ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Ènìyàn kì í tọrọ àforíjì níbí bí kò bá ṣẹ̀. Ẹ rántí ọdún àkọ́kọ́ tí mo dé, tí ọkọ̀ ẹnì kan wá kọlu tèmi lórí òpópónà I-20? Mo bọ́ sílẹ̀, mo ń sọ pé “sorry, sorry”, bí a ṣe ń kí ẹni tó fẹsẹ̀ kọ pé pẹ̀lẹ́. Ọlọ́pàá kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo gbà pé èmi ni mo jẹ̀bi. Ọdún méjì gbáko ni mo fi jìyà “sorry” yẹn. Nígbà tí Faith ka ibi tí ẹ ti ní kí n dọ̀bálẹ̀, ó pariwo láti ilé ìdáná: “Ṣèyí, abeg, tell Daddy o, kò sí begging kankan. Lawyer team yín ti ní kí ẹnikẹ́ni má sọ nǹkan kan.”

Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀bẹ̀ kankan kò sí. Ọjọ́ karùn-ún oṣù Kejìlá ni wọn yóò pinnu lórí wa.

Mo mọ̀ pé èyí yóò dùn yín: wọ́n ti ní kí Baálẹ̀ máa lọ. Wọ́n ní orúnkún rẹ̀ ti lọ. Wọ́n sì ti ní Gabriel kò gbọdọ̀ gbá bọ́ọ̀lù fún ìdajì ọdún tó ń bọ̀. Wọn kò tíì mọ̀ bóyá wọn yóò tà á. Mo sọ fún wọn pé bàbá mi ní kí ó gé koríko. Ẹ̀rọ ló ń gé e níbí.

Ọmọ yín,
Ṣèyítán


Ìkirè
Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù Kọkànlá, 2024

Ṣèyítán,

Mo ti gbọ́. N kò ní sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ sí ọ létí mọ́.

Ti Baálẹ̀ dùn mí wọra. Ẹni tó ti fi orúnkún rẹ̀ sin wọn, wọ́n wá ní orúnkún náà ti lọ. Èmi náà mọ̀ ọ́n lára.

Ìyá rẹ kí ọ. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá àdírẹ́sì ẹgbẹ́ yín tó wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì jẹ́ èyí tí ọ̀gá yín fúnra rẹ̀ ń kà. Ó kàn ń béèrè ni.

Bàbá rẹ


Lithonia
Ọjọ́ kẹfà, oṣù Kejìlá, 2024

Bàbá mi,

Mo kí yín. Ẹ jẹ́ kí ìkíni mọ níwọ̀n lónìí, kí ó má baà di irọ́ lọ́wọ́ mi.

Àná ni ọjọ́ ìpinnu. Ms. Joanna pè mí wọ ọ́fíìsì rẹ̀. Agbẹjọ́rò ẹgbẹ́ jókòó tì í, bébà kan sì wà lórí tábìlì láàárín wọn. Kí n tó rí ohunkóhun mìíràn lórí bébà náà, àtàǹpàkò Màmá ni mo rí.

Gẹ̀ẹ́sì lẹ fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ ní Yorùbá padà sí yín, kí ẹ gbọ́ bó ṣe dún létí mi: “Ìyáàfin mi ọ̀wọ́n, mo wólẹ̀ lẹ́sẹ̀ yín. Ọmọdé ni Ṣèyítán. Èṣù ló tì í. Ohunkóhun tí ó bá fún àwọn ọmọ yẹn, ẹ foríjì í. Ẹ fà á létí bí ọmọ tí ẹ bí, ṣùgbọ́n ẹ má lé e lọ.” Bàbá, ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì ni mí. Ms. Joanna jẹ́ ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì. Agbẹjọ́rò ti fi bírò pupa fa ìlà méjì sábẹ́ “ohunkóhun tí ó bá fún àwọn ọmọ yẹn”.

Wọ́n bi mí pé kí ló dé tí bàbá mi fi ń tọrọ àforíjì. Mo ṣàlàyé títí ọ̀fun mi fi gbẹ. Mo ní nílé wa, bí ọ̀rọ̀ bá bẹ́ sílẹ̀ láàárín ọmọ àti ọ̀gá rẹ̀, bàbá yóò ti ṣí fìlà kúrò lórí kí ó tó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Agbẹjọ́rò ń kọ ọ́ sílẹ̀, ó ní kí n sipẹ́ẹ̀lì fìlà. Ms. Joanna ń mi orí, ó ní ó yé òun. Ó wá bi mí ní ohùn pẹ̀lẹ́ pé, “Ṣùgbọ́n ṣé òun fúnra rẹ̀ gbà pé o ṣe é?”

Ó yẹ kí n lè sọ pé rárá, bàbá mi mọ̀ mí. N kò lè sọ ọ́, nítorí n kò mọ̀.

Wọ́n ti sún ìpinnu tèmi sí ọjọ́ kẹwàá oṣù Kìíní. Faith ti ń wò ó bóyá wọ́n ń gba ènìyàn ní àwọn ilé ìkẹ́rùsí ní McDonough. Ẹ má kọ nǹkankan sí wọn mọ́. Èmi ni kí ẹ kọ ọ́ sí. Ṣé ẹ gbà pé èmi ni mo fún àwọn ọmọ yẹn lóògùn?

Olúwaṣèyítán


Lithonia
Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù Kejìlá, 2024

Bàbá mi,

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún rèé. Mo rí i lórí fóònù pé ẹ ti ka lẹ́tà mi.

Ṣèyítán


Ìkirè
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù Kejìlá, 2024

Ọmọ mi,

Èmi ìyá rẹ ni. Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún. Èmi ò mọ̀wé kọ bíi ti bàbá rẹ, mo máa sọ ọ́ gérégé ni. Mo gbé fóònù lé orí tábìlì ya èyí, kí ẹnikẹ́ni má baà rí àtàǹpàkò.

Bàbá rẹ ti kọ lẹ́tà mẹ́rin sí ọ, ó sì ti ya gbogbo rẹ̀. Ó jókòó sẹ́yìn ilé, ó ní ooru ló ń mú òun, nínú ọyẹ́ yìí. Oúnjẹ tí mo gbé fún un ní òwúrọ̀, adìyẹ ló jẹ ẹ́.

Ọjọ́ tó ń kọ̀wé sí ọ̀gá rẹ, mo ní kó yọ ìlà kan kúrò níbẹ̀. O mọ ìlà tí mo ń wí. Ó ní bí wọ́n ṣe ń kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ nìyẹn, pé bí èèyàn ò bá dárúkọ ẹ̀ṣẹ̀, kí ni wọ́n fẹ́ forí jì. Mo dákẹ́, mo sì fi ránṣẹ́. Ẹjọ́ tèmi nìyẹn, mo gbà á.

Ní sùúrù fún un. Nǹkan kan wà ní ikùn rẹ̀ tó ti pẹ́ ju ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù yín lọ.

Ìyá rẹ


Ìkirè
Ọjọ́ kejì, oṣù Kìíní, 2025

Ọmọ mi Ṣèyítán,

Ẹ kú ọdún o. Ọyẹ́ mú púpọ̀ níbí, ètè gbogbo wa ti là. Mo kí ìyàwó rẹ.

Ní ọdún 1987, nígbà tí o ṣì kéré, a lọ bá àwọn ilé ìwé mìíràn díje ní Ìwó. Ọmọ kan wà tó ń jẹ́ Wọlé, òun ló ń sá eré irínwó mítà fún wa. A kò tíì gba ife rí. Ọ̀gá ilé ìwé ti ní bí a kò bá gbà á lọ́dún yẹn, òun yóò wá tíṣà eré ìdárayá mìíràn. Mo lọ bá oníkẹ́mísì, ó fún mi ní páálí hóró oògùn funfun kan, ó ní àwọn awakọ̀ ọ̀nà jíjìn ló ń lò ó kí oorun má baà gbé wọn. Mo fún Wọlé ní méjì. Mo ní fítámìnì ni.

Ó sáré bí ẹni tí wọ́n dáná sí lẹ́yìn. Ó gba ipò kìíní, ó ré kọjá ìlà, ó sì ṣubú. Nígbà tí mo gbé ọwọ́ lé e láyà, n kò lè ka bí ó ṣe ń lù. Ọjọ́ mẹ́ta ló lò ní ọsibítù. Mo sọ fún ọ̀gá ilé ìwé àti fún ìyá ọmọ náà pé ibà ni. Ife náà ṣì wà nínú àpótí onígíláàsì ní ilé ìwé, orúkọ mi wà lára rẹ̀. Wọlé yè. Ó ń ta sìmẹ́ńtì ní Gbọ̀ngán báyìí. Bí a bá pàdé lójú ọ̀nà, ó máa ń dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún mi, ó ń pè mí ní ọ̀gá tó sọ òun di ènìyàn.

O bi mí ní ìbéèrè. Bẹ́ẹ̀ ni, mo gbà pé ìwọ ni. Bí mo ṣe ka lẹ́tà rẹ àkọ́kọ́, ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé ọmọ yìí ti jogún ọwọ́ mi. Gbogbo ọ̀rọ̀ ráńdàsì àti Baálẹ̀ tí mo ń kọ sí ọ, ẹ̀rù ló ń bà mí tí mo fi ń pa ẹ̀fẹ̀.

Èmi náà ní ìbéèrè kan. O kọ̀wé pé o kò fún ẹnikẹ́ni lóògùn. O kò kọ ọ́ rí pé o kò mọ̀. Mo ti bá ọmọ ilé ìwé gbé fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, mo mọ ọmọ tó ń dáhùn ohun tí a kò bi í.

Bàbá rẹ


Lithonia
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kìíní, 2025

Bàbá mi,

Ẹ kú ọyẹ́, ẹ kú ọdún tuntun. Tiwa ọmọ-ọmọ yín kí yín, ó ní “Ẹ kú ọdun, Grandpa”, ó sì sọ ọ́ bí ẹni tó ń béèrè ọ̀nà.

Mo ka lẹ́tà yín nínú ọkọ̀, ní iwájú ilé. Mo bínú sí yín fún bí wákàtí kan. Lẹ́yìn náà ojú tì mí, nítorí pé ibi tó yẹ gan-an ni ìbéèrè yín bà.

Mo mọ̀. Ní oṣù Kẹjọ, mo ń wá aṣọ ìnura nínú yàrá ìtọ́jú, mo sì fà á yọ nínú báàgì Gabriel. Abẹ́rẹ́ mẹ́ta àti ìgò kékeré kan bọ́ sílẹ̀. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní òun ti fẹ́ dáwọ́ dúró, pé bí mo bá sọ ọ́, iṣẹ́ òun tán. Mo fẹ́ràn Gabriel, Bàbá. Òun nìkan ló máa ń pe orúkọ mi pé nínú wọn, Olúwaṣèyítán, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo rántí pé ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé olófòófó kì í gba ẹgbàá, ibi ọpẹ́ ní í mọ. Mo dákẹ́. Faith pàápàá kò mọ̀.

Lọ́jọ́ kẹjọ oṣù yìí, mo wakọ̀ lọ sí Suwanee láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè mí. Mo rò ó fún Ms. Joanna bí mo ṣe rò ó fún yín yìí. Ó gbọ́ mi tán. Ó ṣí dúrọ́ọ̀, ó sì mú ìwé kan jáde. Ìwé àdéhùn iṣẹ́ mi ti ọdún 2025 ni. Ó ti fọwọ́ sí i. Ó ní Gabriel ti jẹ́wọ́ lọ́jọ́ Ajé pé òun ni òun ń ra oògùn náà fún àwọn méjì yòókù, kò sì dárúkọ mi rárá. Ó ní lọ́túnla ni òun ìbá pè mí láti sọ fún mi pé mo mọ́ pátápátá, kí n má bínú sí ohun tí ojú mi ti rí.

Lẹ́yìn náà ó ní òfin ẹgbẹ́ ni pé ẹni tó bá rí i tí kò sọ, kò lè wọ yàrá yẹn mọ́. Omi wà lójú rẹ̀. Ó dá ìwé náà padà sínú dúrọ́ọ̀.

Wọ́n ti ní kí Gabriel náà máa lọ. Faith bá mi jà fún ọjọ́ méjì, kì í ṣe nítorí iṣẹ́, nítorí pé mo fi ọ̀rọ̀ náà pa mọ́ fún un ni. Kò pẹ́ tó fi wá iṣẹ́ mìíràn fún mi, ní ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà níbí ní Lithonia, máìlì méjì sí ilé. Ọjọ́ Ajé ni mo ń bẹ̀rẹ̀. Orúnkún ni ọ̀pọ̀ wọn ń rojọ́.

Bàbá, mo ti ń sùn láti ọjọ́ náà. N kò sùn dáadáa bẹ́ẹ̀ láti oṣù Kẹjọ.

Ọmọ yín,
Olúwaṣèyítán


Ìkirè
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Kìíní, 2025

Ọmọ mi Olúwaṣèyítán,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. Ìyá rẹ kà á sókè fún mi, ó ní ojú mi kò dára tó, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ni kò dára mọ́ nígbà tó dé ibi dúrọ́ọ̀.

Lánàá mo wọ mọ́tò lọ sí Gbọ̀ngán. Mo bá Wọlé nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, sìmẹ́ńtì ti sọ ọ́ di funfun látòkè délẹ̀. Ó ti fẹ́ dọ̀bálẹ̀, mo di apá rẹ̀ mú. Mo sọ fún un pé kì í ṣe ibà. Ó wò mí, ó ní, “Ọ̀gá, mo mọ̀. Páálí oògùn yẹn jábọ́ lápò yín nígbà tí ẹ̀ ń gbé mi. Àwọn nọ́ọ̀sì ló kà á fún màmá mi.” Mo bi í pé kí ló dé tó fi ń dọ̀bálẹ̀ fún mi láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá. Ó ní òun ti ń retí ọjọ́ tí n óò sọ ọ́ fún òun fúnra mi, pé òun kò sì fẹ́ kí n máa sá fún òun títí di ọjọ́ náà. Mo jókòó lórí àpò sìmẹ́ńtì rẹ̀, mo sunkún. Òun ló gbé mi dé ibi tí n óò ti wọ mọ́tò padà.

Ó ku ìwọ. Mo gbà lọ́kàn mi pé o ṣe ohun tí o kò ṣe, mo sì kọ ọ́ ránṣẹ́ sí àjèjì kí n tó bi ọ́. A kì í sábà gbọ́ ọ pé bàbá bẹ ọmọ, ṣùgbọ́n gbọ́ tèmi lónìí. Ṣèyítán, mo bẹ̀ ọ́. Ẹ̀bẹ̀ yìí kì í ṣe ti àṣà. Mo jẹ̀bi.

Bàbá rẹ,
Láńrewájú Akíntóyè